Àwọn awakùsà fẹ́ gba ẹsẹ̀ odò nínú oko kòkó bàbá wa: ṣé ká gbà fún wọn?

Òṣómàáló_Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo gbé wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá wa fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún wa lápá Ìbòkun, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìgbà ìjọba Gowon ni wọ́n gbìn ín, ẹ̀yin náà ẹ lè ṣírò ọjọ́ orí igi yẹn. Èso rẹ̀ ti dín kù, àfòmọ́ ti bo orí òmíràn nínú wọn, ṣùgbọ́n oko náà ṣì ń bọ́ Màámi. Odò kékeré kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá lọ bá Ọ̀ṣun.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin kan wọ oko láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò kéékèèké lẹ́bàá odò, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́ onírin, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́ wò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni aṣojú wọn dé tòun ti ọtí lọ́wọ́. Ó ní wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ó ní owó gidi làwọn máa san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹsẹ̀ odò yẹn. Àwọn ò fẹ́ ra ilẹ̀, àwọn kàn fẹ́ lò ó ni. Báwọn bá ṣe tán, àwọn á dí kòtò, àwọn á sì gbin kòkó mìíràn fún wa.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní ká tètè gba owó ọ̀hún. Mi ò dá a lẹ́bi. Òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màámi, àwọn ọmọ tiẹ̀ sì ti wọ yunifásítì. Màámi ní tiwọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n ṣáà ń tẹnu mọ́ ni pé omi bọ̀hóò ojú títì ń rùn bí irin, pé báwọn bá fi se iṣu, iyán á ṣú. Omi odò yẹn ni wọ́n fi ń se iṣu wọn. Ẹ sì mọ ohun tí iyán jẹ́ fún Ìjẹ̀ṣà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti wa wúrà nínú rẹ̀, ṣé kòkó tún ń hù níbẹ̀? Bá a bá sì kọ̀, ṣé ìjọba lè gba ilẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ wa fún wọn? Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i ni kó dá mi lóhùn. Ìwé ìròyìn, èmi náà ń kà á.

Ìyá_Ẹlẹ́ja:

Èmi ò mọ wúrà o, àbúrò mi, ẹja ni mo mọ̀. Asẹ́jirẹ́ ni mo wà, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ọkọ mi ló ń dẹ àwọ̀n, èmi ni mò ń yan ẹja tà.

Nígbà kan, bí wọ́n bá fa àwọ̀n sókè láàárọ̀, omi á jò dànù, ẹja á kù. Nísinsìnyí ẹrẹ̀ pupa kan báyìí, tó kúnná, máa ń lẹ̀ mọ́ òwú àwọ̀n. Bó bá fi lè gbẹ síbẹ̀, àwọ̀n á le gbọnrangandan, ọkọ mi á jókòó sínú ọkọ̀ máa fọwọ́ ra á lójú kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá wá ń tún ẹja ṣe, tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ibi pupa tó fi ń mí yẹn, ẹrẹ̀ ni mò ń ṣan kúrò níbẹ̀ kí n tó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹja ọ̀hún ò lè mí dáadáa kó tó wọ àwọ̀n rárá.

Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ á dúró, wọ́n á tẹ ẹja wò, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe ti Ọ̀ṣun oníwúrà yẹn lèyí?" Kí ni kí n wí? Odò Ọ̀ṣun náà ni wọ́n dí tó di ìdídò Asẹ́jirẹ́, tí wọ́n parí ní 1972, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ lọ sí Ìbàdàn. Ohun tí ẹ bá dà sínú odò kékeré yẹn lókè lọ́hùn-ún, á gba Òṣogbo kọjá, á gba Ẹdẹ, á dé ọ̀dọ̀ mi.

Owó tí wọ́n fẹ́ san fún yín yẹn, ta ló máa san tèmi?

Baba_Landlord:

Ẹ ò ní fẹ́ràn ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fojú rí i lẹ ní kó sọ̀rọ̀. Èmi gbowó. Ẹsẹ̀ odò tèmi náà ni wọ́n gbà, apá Iléṣà níbí. Mo fi owó náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Oníwòsìwòsì kan wà nínú ọ̀kan, ẹni tó ń ta páànù wà nínú èkejì, owó rẹ́ńtì ń wọlé lọ́dọọdún, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Kòkó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí àrùn èso dúdú bá wọ̀ ọ́ nínú oṣù keje, mi ò ní rí ìdajì rẹ̀ kó.

Lọ́dún 2024, gbogbo ayé ń pariwo kòkó, kòkó, pé tọ́ọ̀nù kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Ó sì wọn lóòótọ́. Àwọn tó ti fi oko sílẹ̀ láti ọdún gbọọrọ sáré padà wálé wá máa jà sí ààlà. Kí ọdún 2025 tó parí, iye yẹn ti já wálẹ̀ dé bíi ìdajì. Ṣọ́ọ̀bù mi ò já wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín nípa kòtò. Wọn ò dí i. Wọ́n ṣèlérí, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọn ò dí i. Mo mọ̀ pé wọn ò ní dí i, ìdí nìyẹn tí mo fi gba owó tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pè lọ. Bí ẹ bá máa gbà, ẹ ṣírò rẹ̀ bíi pé ẹ ò ní fojú kan ilẹ̀ yẹn mọ́, kí ẹ wá dá iye. Gbogbo ọ̀rọ̀ "a máa gbin kòkó mìíràn" yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Òṣómàáló_Kékeré:

Ẹ ṣé é, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú o, ṣé omi ibẹ̀ lẹ ṣì ń mu?

Baba_Landlord:

Omi inú ọ̀rá ni mò ń mu.

Òṣómàáló_Kékeré:

Ó yé mi.

Ọmọ_Òṣogbo:

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fáwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ọ̀ṣun o! Ọ̀ṣun tí àwọn àgàn ń bu omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè rọ́mọ bí. Igbó rẹ̀ ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti 2005, àwọn òyìnbó ń wá wò ó, Àdùnní Olóòrìṣà, obìnrin òyìnbó tó di olórìṣà, sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ère ibẹ̀. Ẹtu ò gbọdọ̀ kú nínú igbó yẹn, ẹja ò gbọdọ̀ kú nínú odò rẹ̀, gbogbo wa la mọ èèwọ̀ yẹn. Ẹrẹ̀ wá ti òkè wọlé, kò mọ èèwọ̀ kankan.

Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má bàa bínú.

Bàbá_Kùmásí:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, lé wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, wọ́n kó wa wálé. Mo dàgbà tán, mo padà síbí, ibí ni mo sì wà títí dòní. Mò ń ta ohun èlò oko fáwọn àgbẹ̀ kòkó nítòsí odò Offin, nítorí náà mo ń wọ oko wọn.

Bó o bá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ oko kòkó tó dára, ilẹ̀ dúdú lo máa kọ́kọ́ rí, ewé kòkó tó ti jẹrà láti ogójì, àádọ́ta ọdún. Kò nípọn rárá, ó lè má ju ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta lọ níbòmíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ wà, pupa tàbí ràkọ̀ràkọ̀. Lábẹ́ amọ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán díẹ̀ díẹ̀, èyí tí omi ayé àtijọ́ kó jọ síbẹ̀. Inú òkúta wẹ́wẹ́ yìí ni wúrà wà. Torí náà, kò sí bí wọ́n ṣe máa dé ìdí wúrà láì kọ́kọ́ ju ilẹ̀ dúdú yẹn nù. Katakata á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún da amọ̀ lé e lórí, á wá da òkúta tí wọ́n ti fọ̀ lé amọ̀. Bí wọ́n bá wá "dí" kòtò lóòótọ́, ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ti wà lókè. Ojú lásán ni wọ́n tẹ́jú.

Mo mọ àgbẹ̀ kan níbí tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó bá wọn jà títí wọ́n fi gbà láti kó ilẹ̀ dúdú jọ sọ́tọ̀, kí wọ́n tún dá a padà sórí nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Wọ́n sì ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ hù níbẹ̀, ó hù dáadáa. Kòkó tó gbìn sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dúró fún ọdún àkọ́kọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì ewé rẹ̀ rọ, ó gbẹ. Kòkó máa ń ta gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀ lọ wá omi, òkúta wẹ́wẹ́ sì ni gbòǹgbò yẹn lọ bá. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, àbàtà ni gbogbo ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi níbí kì í ṣe àsọdùn. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024, iléeṣẹ́ omi Gánà kéde pé omi odò Pra tó ń wọ ibi ìfọmi wọn ní Sekyere Hemang ti dọ̀tí dé ìwọ̀n 14,000 NTU, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe rú tó. Ẹ̀rọ wọn, 2,000 ni wọ́n ṣe é láti fọ̀. Cape Coast àti Elmina ló ń mu omi yẹn. Wọ́n ní káwọn èèyàn máa tọ́jú omi sílé. Galamsey ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà níbí, kò sì sí ìjọba tó wọlé tí kò bú u. Kòkó Gánà lọ́dún 2023 sí 2024 lọ sílẹ̀ dé ibi tí kò tíì dé láti bí ogún ọdún. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé galamsey nìkan ló fà á: àrùn swollen shoot wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń kó kòkó gba ẹ̀yìnkùlé sọdá ààlà náà wà níbẹ̀. Àmọ́ igi tí àrùn pa, o lè gé e kúrò kó o tún òmíràn gbìn sójú kan náà. Èyí tí katakata fà tu ńkọ́?

Ẹni tó gbowó tó sì fi kọ́lé, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bi í pé báwo ni ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò gbowó, tí odò kan náà gba oko rẹ̀ kọjá.

Baba_Landlord:

Aládùúgbò mi náà gbowó, Bàbá. Ẹ kú àánú o.

Olùkọ́_Òkúta:

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, mo sì máa ń kó wọn lọ sáwọn ibi ìwakùsà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, torí náà mo ti dúró létí kòtò wọ̀nyẹn. Wúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun níbí. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á lágbègbè Iléṣà, ní Ìpérindó ó wà nínú òkúta fúnra rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ báyìí ni pọ́ǹpù àti katakata. Ohun tí èèyàn kan ń fi igbá fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mu ẹ̀kọ tán.

Ìyá Ẹlẹ́ja ń bẹ̀rù ẹrẹ̀, ẹ̀rù ẹrẹ̀ tọ́. Àmọ́ ẹrẹ̀ ni ojú rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yẹn ni mákúrì, ohun dídán tó rí bí fàdákà yíyọ́. Wọ́n á dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti fọ̀, á kó gbogbo hóró wúrà jọ mọ́ra. Wọ́n á wá gbé e kaná nínú àwo dídín, èéfín mákúrì á lọ, wúrà á kù. Mo ti rí i tí ọmọkùnrin kan ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń dáná oúnjẹ, ọmọ lẹ́yìn obìnrin náà. Èéfín yẹn kò ní òórùn tí wọ́n á fi sá fún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú odò á wọ inú ẹja, ọpọlọ ọmọ inú oyún ló sì ń bà jẹ́ jù lọ. Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, láti 2018 pé àwọn máa dín in kù. Ó ṣì ń dé ibi ìwakùsà.

Ẹnìkan á ní, "Zamfara nìyẹn." Rárá o, ti Zamfara lọ́dún 2010, òjé ló fà á. Òjé wà nínú òkúta wúrà wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ òkúta náà láàárín agbo ilé, eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá lé. Ó lé ní irinwó ọmọ tó kú. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti Ìjẹ̀ṣà ṣe rí, òkúta kò jọra. Mo kàn ń sọ pé àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn náà kò rí nǹkan kan lójú omi wọn.

Ó kan òfin. Gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ẹ̀yin lẹ ni orí ilẹ̀, ìjọba ló ni ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ti 2007 ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣáà wọlé. Mining Cadastre Office ní Àbújá nìkan ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Baálẹ̀ kò lè fúnni, ọba kò lè fúnni, káńsù kò lè fúnni. Ẹni tó bá sì ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, kó san gbà-má-bìínú fún igi kòkó àti ohun ọ̀gbìn tó bà jẹ́, kó bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, kó sì tún ilẹ̀ ṣe bó bá ń lọ. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ìgò ọtí kò sí nínú òfin yẹn. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máàpù ibi tí wọ́n fún kálukú wà níbẹ̀.

Ohun kan tó kù, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ gbé omi odò yẹn lọ sí lábú yunifásítì tó bá sún mọ́ yín nísinsìnyí, kí katakata kankan tó dé. Kí wọ́n wo òjé, mákúrì àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Àwọn lábú ni kó fún yín ní ìgò tí ẹ máa bu omi sí, ẹ má lo ike kóòkì. Ẹ tọ́jú ìwé èsì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ba omi náà jẹ́ lọ́la, yálà lórí ilẹ̀ yín tàbí lókè odò, ẹ ní ẹ̀rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú tó ń pariwo lónìí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ kan kàn máa sọ fún wọn pé bí odò yín ṣe máa ń pupa nígbà òjò nìyẹn.

Òṣómàáló_Kékeré:

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Bàbá Kùmásí, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí Màámi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo dé ibi gbòǹgbò àti òkúta, wọ́n ní òótọ́ ni, pé ìdí tí bàbá wa ò fi gbin kòkó sí ibì kan báyìí nínú oko nìyẹn, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn síbẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ti pe aṣojú yẹn. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ. Ó ní ọ̀gá àwọn ló wà nídìí rẹ̀ l'Ábújá, òun á pè mí padà. Kò tíì pè.

Ìyá Ẹlẹ́ja, mi ò ní èsì sí ìbéèrè yín. Mo gbé e fún àbúrò mi lórí fóònù, òun náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹja dí òun lọ́wọ́, pé kí n sọ ibi tí owó máa gbà wọlé. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Torí náà, ohun tá a fẹnu kò sí fún ìgbà yìí ni pé a ò ní gbowó wọn, èmi àtòun á jọ máa dá owó oògùn Màámi, a ó sì máa gé àwọn igi tó ti gbó níwọ̀n-níwọ̀n, ká fi irúgbìn tuntun ti CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Ìbàdàn, rọ́pò wọn, èyí tí wọ́n ní ó ń tètè so. Ẹsẹ̀ odò la ó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé a wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra irúgbìn yẹn rí ní Ìdí-Ayunrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń gbé e wá sí Ìjẹ̀ṣà ni tàbí èèyàn gbọ́dọ̀ lọ kó o fúnra rẹ̀? Oṣù wo ló sì dáa jù láti lọ?

Olùkọ́_Òkúta:

Ẹ lọ béèrè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo èèyàn ló ń rọ́ lọ tí òjò bá ti dé. Ẹ má ra lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ rẹ̀ sẹ́bàá títì, èèyàn ò mọ ibi tí wọ́n ti kó o.

Baba_Landlord:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ wá ẹni tí á máa sùn sínú oko o. Àwọn ọmọ yẹn kì í dúró de ìwé àṣẹ. Òru ni wọ́n ń wá, tọ́ọ̀ṣì lórí, pọ́ǹpù lẹ́yìn ọ̀kadà, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà ọlọ́dẹ tó dáa, ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀.